Orógbó mi kò ga ju orúnkún lọ lẹ́yìn ọdún 3

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbin orógbó síwájú ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, torí mo fẹ́ ìbòòji tí a ó máa jókòó sí lọ́sàn-án. Ọdún 3 rèé, kò ga ju orúnkún lọ. Tí ọyẹ́ bá dé, etí ewé rẹ̀ a gbẹ. Mo da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i nídìí, ló bá tún burú sí i. Ìyá ọkọ mi ní ẹni tó bá gbin orógbó kì í jẹ níbẹ̀, kí n hú u, kí n gbin máńgòrò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Olóko: Ẹ má hú u o! Kí ni ọdún 3 lára orógbó? Hóró rẹ̀ gan-an lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù 6 kó tó hù. Gbòǹgbò ló kọ́kọ́ ń rán sísàlẹ̀ kó tó rántí òkè. Igi inú igbó ni, abẹ́ igi ńlá ló ti ń dàgbà. Oòrùn ló ń jó o. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tì í, bí a ti ń ṣe fún kòkó kékeré.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Bàbá, Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe Oǹdó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á bá a du omi lẹ́ẹ̀rùn. Imọ̀ ọ̀pẹ ni kí wọ́n fi ṣe àtíbàbà fún un. Ìgbẹ́ adìẹ yẹn, ẹ wà á kúrò lónìí! Èyí tó bá ti jẹrà ló dára. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó má kan ara igi, nítorí ikán.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé, Mà. Kọnkéré wà nítòsí rẹ̀. Ṣé kí n ṣí i lọ sẹ́yìnkùlé?

Bàbá Olóko: Rárá. Tí gbòǹgbò àárín bá já, ó di ìdágbére. Ìyá Ẹlẹ́pà, mo gbà fún yín. Ẹ máa bu korobá omi kan sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí òjò á fi dé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, bàbá mi gbin tiwọn ní 1998. Ó so ní 2011, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́, wọ́n tún ń tà á fún wa!

Oníbéèrè: Mo ti wa ìgbẹ́ kúrò, imọ̀ ọ̀pẹ ti dúró. Màmá bi mí pé ta ni yóò máa bomi sí i tí n kò bá sí nílé. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Mà." Wọn ò tíì dá mi lóhùn.