Ìjì fọ́ òrùlé mọ́tò-ilé wa l'Óṣogbo, Ọ̀fà là ń lọ: kí ni ká ṣe?

Arìnrìnàjò Ẹ̀gbá (Túsìdeè, ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ò gba ìdúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi àti ìyàwó mi gbéra l'Ábẹ́òkúta, Ọ̀fà là ń lọ fún ìrántí ọdún kan ìyá rẹ̀ tó máa wáyé ní Sátidé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká sun ọgbà òun ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí. Mọ́tò-ilé tòkunbọ̀ la gbé, Fiat Ducato tó ti Jámánì wá. Inú rẹ̀ là ń sùn, inú rẹ̀ là ń dáná. Ní òru àná, ẹ̀fúùfù ṣáájú òjò dé. Ẹ ṣáà mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń jà. Ẹ̀ka máńgòrò ya, ó já lé wa lórí. Ó fọ́ ìdérí fèrèsé òrùlé túútúú, òrùlé fúnra rẹ̀ sì sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, ojú ibi tó sán gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé omi ò kán lábẹ́ ibi tó fọ́. Ìdí gílóòbù ló ti ń kán, bẹ́ẹ̀ ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síbi tó sán. Àjà ti wú. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi á hàn níbẹ̀, omi á sì rọra sun jáde létí rẹ̀. Aṣọ ẹbí tí a rán fún Sátidé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ ibẹ̀. Òun ni ìyàwó mi kọ́kọ́ sáré gbé, kó tó gbé ohunkóhun mìíràn.

Wẹ́dà kan ní Ọlá-Ìyà ní wákàtí kan ni òun máa fi jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Ẹlòmíràn ní kí n ra ṣílíkónì, kí n fi dí i, kí n máa lọ. Ojú ọ̀run sì tún ti ń ṣú.

Ìyá Ìbejì, Ẹdẹ

Ẹ kú ewu o, bàbá. Ṣé ẹ̀ka yẹn ò kan ẹ̀yin àti ìyá? A dúpẹ́ tó bá jẹ́ òrùlé nìkan ni. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nílé lóko: ẹ̀ka lórí òrùlé, ibi tó sán, àjà, nọ́ńbà mọ́tò. Tó bá jẹ́ ìwé ìbánigbófò tó gbòòrò lẹ ní, tí wọ́n kọ ìjì sínú rẹ̀, ẹ ó nílò àwọn fọ́tò náà. Tó bá jẹ́ third party lásán ni, kò ní san kọ́bọ̀ lórí mọ́tò yín fúnra rẹ̀.

Pànẹ́bítà Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfaradà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà gbé iná gun òkè mọ́tò yẹn. Irú òrùlé bẹ́ẹ̀, fóòmù àti igi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Iná á bọ́ sínú fóòmù, á máa jó lábẹ́lẹ̀, ẹ ò ní rí i títí èéfín á fi yọ. Ẹ tún ní gáàsì ìdáná nínú mọ́tò kan náà.

Ẹ wá òòfà kékeré kan, ẹ fi lé òrùlé. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe irin, wẹ́dà ò níṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá fi ìka kàn án: tó bá dún bí ìdérí ìkòkò, álúmíníọ̀mù ni, tó bá dún kú, fáíbà ni, ìyẹn fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n fi résìnì, oje kan tó máa ń le, lẹ̀ pọ̀.

Rẹwáyà

Ẹ̀gbọ́n, omi tó ń gba ìdí gílóòbù jáde, wáyà ló tẹ̀ lé débẹ̀. Ẹ yọ orí bátìrì. Tí sólà bá wà lókè, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà rẹ̀, torí níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá wà, iná ṣì ń wá láti ibẹ̀.

Arìnrìnàjò Ẹ̀gbá

Mo yọ òòfà ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi lé e, kò lẹ̀. Etí ibi tó sán ní fọ́nrán funfun wẹ́wẹ́ bí òwú. Mo ti yọ orí bátìrì. A ò ní sólà.

Awakọ̀ Ìkìrun

Ṣílíkónì ni mo fi dí tèmi, ó sì lo òjò ọdún méjì. Ẹ dí i, kí ẹ lọ bá àwọn àna yín.

Pànẹ́bítà Ìbàdàn

Ọ̀gá awakọ̀, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n òrùlé tó sán, tí omi ti wọ inú igi rẹ̀, kì í ṣe ihò ríbẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ṣílíkónì bá ti kàn, résìnì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, àfi kí wọ́n ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ ó ti ti omi mọ́lé. Igi á máa rà lábẹ́ funfun tó ń dán.

Ẹ̀gbọ́n, fáíbà ni tiyín. Kí òjò tó dé, ẹ nu etí rẹ̀ gbẹ, ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ẹ lẹ téèpù onígọ́ọ̀mù tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù mọ́ ọn, irú èyí tí àwọn tó ń kan páànù ń lò. Ẹ jẹ́ kó kọjá ibi tó sán ní ìka mẹ́rin yíká, kí ẹ sì fi ìgò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ gé pákó bo ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ẹ ta tapólì lé gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wa mọ́tò, ẹ ká tapólì kúrò, afẹ́fẹ́ títì á fà á ya, á sì fi okùn rẹ̀ nà yín lára. Ẹ má tẹ òrùlé lásán. Ẹ tẹ́ pákó gígùn, kí ẹ kúnlẹ̀ lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ gidi di ìgbà tí inú bá gbẹ. Wọ́n á fi sánpépà P80 fá etí rẹ̀ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á tẹ́ mátì, ìyẹn aṣọ fọ́nrán fáíbà tí wọ́n ń rin résìnì sí, ní ìpele mẹ́ta, èyí tó wà lókè á máa fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Catalyst, èròjà tó ń mú résìnì le, kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún résìnì. Kí ẹ ṣọ́ ọmọ iṣẹ́ tó bá ń pò ó: catalyst àti accelerator, èyí tó ń mú kó tètè le, ò gbọdọ̀ pàdé láìsí résìnì láàárín wọn, wọ́n lè bú gbàmù. Kí ẹni tó ń ṣe é wọ awò ojú.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, mo ní ṣẹ́ẹ̀dì lójú ọ̀nà Ìlobùú. Mítà mẹ́ta àbọ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga, mọ́tò yín á wọlé. Ẹ má sanwó. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wá.

Arìnrìnàjò Ẹ̀gbá (Tọ́sìdeè, àárọ̀)

Ọlọ́run á bá mi sẹ́san fún gbogbo yín. Téèpù yẹn dúró. Òjò rọ̀ ní àná títí di òru, ìdí gílóòbù ò kán mọ́.

Mọ́tò ti wà ní ṣẹ́ẹ̀dì ọmọ wa yìí. A ṣí àjà wò. Fóòmù tó wà níbẹ̀, nígbà tí mo fún un, omi tó ti inú rẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife kan. A gé èyí tó rin kúrò, a ṣí gbogbo fèrèsé, a gbé fáànù kojú rẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ibi tí igi ti rọ̀ ká. Láàárọ̀ yìí, ibi tó rọ̀ ti sún sẹ́yìn kúrò lójú ìlà náà ní ìka méjì. Kò tíì gbẹ, kò sì ní gbẹ kí Sátidé tó dé.

Ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀ tí mo gbà: kí mọ́tò dúró, kí àwa lọ. Ọ̀la la ó wọ ọkọ̀ èrò gba Ìkìrun àti Òkukù dé Ọ̀fà, aṣọ ẹbí ti gbẹ, ó ti wà nínú báàgì. Tí a bá padà ní Mọ́ńdè, tí ibi tó rọ̀ sì ti le, a ó bẹ̀rẹ̀ fáíbà. Pànẹ́bítà, ojú fèrèsé yẹn jẹ́ 40 cm lójú méjèèjì. Tí ẹ bá rí ìdérí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un sílẹ̀.

Pànẹ́bítà Ìbàdàn

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀n yẹn ò ṣọ̀wọ́n, ọ̀la ni mo máa wá a lọ. Ẹ bá wa kí àwọn àna.