Ìyá mi, àwọn ọmọ mi àti àwọn ehoro Watership Down

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Watership Down ní fíìmù ọmọdé, àfi bíi pé paálí rẹ̀ nìkan lẹ wò. London la wà nígbà yẹn, ìyá mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo lọ háyà kásẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kí òun àtàwọn ọmọ lè rí nǹkan wò lọ́sàn-án Sátidé. Ehoro ló wà lára paálí, lẹ́tà U sì wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé tọmọdé tàgbà ló lè wò ó. Fíìmù 1978 ni o. Ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ tó ń fi lẹ́tà sí fíìmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i sí PG, ìyẹn ni pé kí òbí fojú sí ohun tí ọmọ ń wò. Ọdún 44 kọjá kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀!

Ìyá mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo ń túmọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, Frith, ìyẹn oòrùn, dá gbogbo ẹranko. Àwọn ehoro wá ń bí sí i títí, wọ́n fẹ́ jẹ koríko ayé tán. Ni Frith bá fún àwọn ẹranko yòókù ní eyín àti èékánná láti máa fi pa wọ́n, ó sì fún ehoro ní ẹsẹ̀ tó yá. Ìyá mi ní, "Àlọ́ mà nìyí," ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fìdí jókòó.

Fiver, ehoro kékeré kan, rí i lójú ìran pé ẹ̀jẹ̀ bo pápá. Wọ́n lọ sọ fún olórí wọn, kò kà á sí, bẹ́ẹ̀ pátákó àwọn tó fẹ́ kọ́lé ti wà lórí ilẹ̀ wọn. Hazel, ẹ̀gbọ́n Fiver, kó ìwọ̀nba àwọn tó gbà á gbọ́ jáde. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń sá lọ, olórí yẹn ni ìyá mi ṣì ń bú.

Ibùdó Cowslip, ehoro kan tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn ehoro ibẹ̀ sanra, kárọ́ọ̀tì wà nílẹ̀ fún wọn láìṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ibi tó ti ń wá. Mi ò tíì túmọ̀ tán tí ìyá mi fi ní, "Àgbò Iléyá ni wọ́n. Ní kí wọ́n máa sá!" Kò pẹ́ ni tàkúté wáyà fún Bigwig, ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé Hazel, lọ́rùn, itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń hó lẹ́nu ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi eyín gé èèkàn. Ọmọbìnrin mi ti wọ ẹ̀yìn ìyá mi lọ.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kà nípa Richard Adams tó kọ ìwé náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Inú mọ́tò ló ti pa ìtàn yẹn fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì kí ìrìn àjò má baà sú wọn, àwọn ló sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ló kọ̀ ọ́ kó tó jáde ní 1972. Orúkọ òkè ni Watership Down, òkè náà gan-an sì wà ní Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣé ẹnu ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi pa á. Abájọ tí ìyá mi fi ń ṣáájú mi débẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Hazel tí Art Garfunkel bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Bright Eyes, èmi gan-an ni mò ń nu ojú. Ọmọkùnrin mi ò rí tiwa rò. Ọ̀gágun Woundwort, ìkà ehoro tó kọjú ìjà sí ajá, ni tiẹ̀.

Ní ìparí, Ehoro Dúdú, ìyẹn ikú àwọn ehoro, wá mú Hazel tó ti darúgbó. Mo dákẹ́, mi ò fẹ́ túmọ̀ ìyẹn létí àwọn ọmọ. Ìyá mi ò dúró dè mí. "Ó ti gbó, ọmọ rẹ̀ kún inú ihò, ẹni tó wá mú un sì fi ọ̀wọ̀ pè é. Èwo ni ti ẹkún?" Ọmọbìnrin mi nu imú, ó jáde wá. Ọmọkùnrin ní tiẹ̀ ń béèrè pé wọn ò rí òkú Woundwort, ibo ló wà? Ìyá mi ní ó ti sá wá sí Ìjẹ̀bú.

Títí ó fi padà sílé, àlọ́ Ìjàpá àti Woundwort ni wọ́n fi ń sùn lálaalẹ́. Kò fi ajá sí i rárá. Ó ní ti inú fíìmù yẹn ti tó.