Ẹnu bàbá mi gbẹ táútáú lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi ni mo ń bèèrè fún. Jẹjẹrẹ mú wọn ní ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n sì gba ìtọ́jú ìtànṣán (radiotherapy). Dókítà ní kókó náà ti lọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sí itọ́ lẹ́nu wọn mọ́. Òkèlè kì í lọ àfi kí wọ́n fi omi tì í. Lóru, ahọ́n wọn á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, wọn ò ní lè pe ẹnikẹ́ni. Eyín ìsàlẹ̀ kan tún ti ń dùn wọ́n báyìí, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ mú wọn lọ yọ ọ́ ládùúgbò lọ́la. Ṣé itọ́ yìí á padà? Kí ni kí wọ́n máa jẹ?

Oníṣègùn Eyín: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín yẹn lọ́la. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ tó ka ìyókù. Egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán bá ti gba ara rẹ̀ kọjá kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó mọ́, pàápàá ti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá yọ eyín níbẹ̀, ojú ọgbẹ́ lè má jinná, egungun sì lè máa kú díẹ̀díẹ̀. Bí ọdún tilẹ̀ ń gorí ọdún, ewu náà ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ eyín tó ti bàjẹ́ kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka eyín ni kí ẹ mú Bàbá lọ, kí ẹ mú ìwé ìtànṣán wọn dání. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dí eyín náà dípò kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ tún bèèrè pẹ́ẹ́sìtì ìfọyín tí fluoride rẹ̀, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, tó 5,000 ppm (ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀), torí itọ́ tó ń dáàbò bo eyín ti lọ.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọkọ mi náà là á kọjá. Ọbẹ̀ tó ń yọ̀ ló gbà wá: ewédú, ilá, àpọ̀n, pẹ̀lú àmàlà rírọ̀. Ẹ̀kọ mímu tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà dáa. Mọ́ínmọ́ín dáa tí o bá bu ọbẹ̀ lé e. Búrẹ́dì gbígbẹ, bisikíìtì, obì àti ata púpọ̀, má gbé e sún mọ́ wọn. Gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí wọ́n máa mu ún ní díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Ọlọ́jà: Mo gbọ́ pé kí èèyàn máa lá ọsàn wẹ́wẹ́, itọ́ á wá. Káún ńkọ́, láti fi fọ ẹnu?

Oníṣègùn Eyín: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń pe itọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹnu tó gbẹ, kíkan rẹ̀ á máa jẹ eyín ni. Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà ló dáa jù. Káún kọ́ o. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan baking soda nínú lítà omi kan, kí wọ́n máa fi yọ ẹnu, kí wọ́n sì tu ú dànù. Oògùn ìfọnu tó ní ọtí nínú, kí wọ́n yẹra fún un.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: Ní ti pé ṣé itọ́ á padà: iwájú etí àti abẹ́ àgbọ̀n ni àwọn ẹṣẹ́ tó ń ṣe itọ́ pọ̀ sí, ìtànṣán sì kàn wọ́n. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló kàn wọ́n, itọ́ lè máa padà fún ọdún kan tàbí méjì. Bó bá pọ̀, ó lè má padà tán. Oògùn kan wà, pilocarpine, tó ń jẹ́ kí ìwọ̀nba ẹṣẹ́ tó ṣẹ́ kù ṣiṣẹ́. Ó máa ń mú èèyàn làágùn, kò sì dáa fún ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Dókítà ni kó kọ ọ́. Bí ẹ bá rí funfun lórí ahọ́n, tí ẹnu sì ń ta wọ́n, ẹ tètè lọ. Ó lè jẹ́ olú ẹnu, ìyẹn àkóràn inú ẹnu tí wọ́n ń pè ní thrush.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ti fagi lé ti ọ̀la. Bàbá ní ikọ́ fée, màá sọ fún dókítà kó tó kọ oògùn kankan. Eyín àtọwọ́dá òkè wọn ńkọ́, ṣé kí wọ́n fi sùn?

Oníṣègùn Eyín: Rárá. Kí wọ́n yọ ọ́ lálẹ́, kí ẹ fọ̀ ọ́, kó wà nínú omi. Bó bá ń ha èrìgì wọn, kí wọ́n má lò ó títí wọn yóò fi rí dókítà.