Bàrà, ilé-sàréè tàbí ibojì ọgbà? Lórí ilé tí wọ́n sin Humayun sí ní Delhi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìwé atọ́nà tí a fẹ́ fi Yorùbá kọ fún àwọn tó ń lọ wo ilé tí wọ́n sin Humayun, ọba kan nínú ìran Mughal tó jọba ní Índíà, sí ní Delhi ti dúró sójú kan nítorí orúkọ. Àbá tó wà nílẹ̀ ni "ibojì ọgbà". N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ka "ibojì ọgbà" yóò máa wá òkìtì kan tí òdòdó yí ká. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ ni ilé òkúta yanrìn pupa tó ga tó mítà 47, tó gun orí pèpéle gíga, tí òrùlé òkúta mábù funfun sì dé e lórí. Inú pèpéle yẹn nìkan, yàrá kéékèèké 56 ló yí i ká, sàréè tó wà nínú wọn sì lé ní 100. Ibojì kan, òkú kan ni àwa mọ̀.

Àbá tèmi ni bàrà. Bàrà ni ibi tí wọ́n ń sin Aláàfin sí, ilé ọba tó ti wàjà ni. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rán wa létí bàrà tí à ń jẹ ẹ̀gúsí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ra ẹ̀gúsí tó ń wá ọba níbẹ̀.) Humayun kú ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1556 lẹ́yìn tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìkówèésí rẹ̀. Bega Begum, ayaba rẹ̀, ló ní kí wọ́n kọ́ ilé náà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1565, ó parí ní 1572. Ayaba kọ́lé fún ọba tó wàjà, àwọn ẹbí ọba sì ń bá a sùn síbẹ̀ láti ìran dé ìran: bí èyí kò bá jẹ́ bàrà, kí ni yóò jẹ́ ẹ?

Ní ti "ọgbà", ẹ má jẹ́ kí a yọ ọ́. Àwọn kan ní ọgbà kò tó, pé odi lásán ló ń tọ́ka sí, bíi ọgbà ẹ̀wọ̀n. Odi yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Lédè Páṣíà àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ti fa orúkọ párádísè yọ, ibi tí odi yí ká ló túmọ̀ sí. Àlùjánnà tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè lójoojúmọ́ ńkọ́? Ọgbà ni Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fẹ́ kí ọba sùn sínú àwòrán àlùjánnà. Odi wà ní apá mẹ́ta. Odò Yamuna ló jẹ́ odi apá kẹrin, kó tó yà kúrò níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pín ọgbà náà ni orúkọ kejì tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Chahar bagh ni wọ́n ń pè é, "ọgbà mẹ́rin" lédè Páṣíà. Bí a bá ní "ọgbà mẹ́rin", àlejò á wá ọgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Ọgbà onígun mẹ́rin" kò sọ nǹkan kan, nítorí ilẹ̀ wo ni kò ní igun mẹ́rin? Ẹnìkan dá "ọgbà oríta" sílẹ̀. Ó dùn, àmọ́ ẹbọ ni oríta ń rán Yorùbá létí. "Ọgbà alábala mẹ́rin" ni mo dìbò fún: abala mẹ́rin pẹ̀lú ipa omi láàárín, a sì tún gé abala kọ̀ọ̀kan sí kéékèèké títí gbogbo rẹ̀ fi di 36.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ipa omi yẹn ní gọ́tà. Gọ́tà ń gbé ìdọ̀tí lọ, ó sì gbọ́dọ̀ yára. Nígbà tí wọ́n tún ọgbà náà ṣe láàárín 1997 sí 2003, ìdagẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fún ipa omi ni sẹ̀ǹtímítà kan péré fún mítà 40. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á sáré lọ sí ìsàlẹ̀, òkè á gbẹ, ìsàlẹ̀ á kún àkúnya. Bí kò bá sì dagẹ̀rẹ̀ rárá, omi á dúró, á di àwọ̀ ewé, ẹ̀fọn á sì sọ ọ́ di ilé. Omi tó ń lọ láìdà bí ẹni ń lọ ni wọ́n ń wá.

Nínú yàrá ńlá lókè, òkúta mábù kan dá wà láàárín ilẹ̀. Àwọn àlejò á yí i ká, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ti rí sàréè ọba. Wọn ò tíì rí i: òkú wà nísàlẹ̀, nínú pèpéle, ní ọ̀gangan ibẹ̀. "Sàréè òfìfo" tí wọ́n dábàá fún òkúta òkè yìí yóò jẹ́ kí àlejò rò pé kò sí òkú nínú ilé náà rárá. Kí la ń wá kiri? Ojú oórì nìyẹn! Ibi tí à ń dúró sí nínú ilé láti bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ń túmọ̀: orí òkú wà ní àríwá, ojú rẹ̀ sì kọ sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí apá ibẹ̀ ni Mẹ́kà wà sí Delhi. Ẹ má kọ "wọ́n kọjú rẹ̀ sí gábàsì" bí ẹnu ṣe mọ́ wa lára nílé. Gábàsì ti Èkó àti Ìbàdàn ni ìlà oòrùn. Ní Delhi, òdìkejì ni.

Fèrèsé òkúta tí wọ́n lu ní ihò-ihò kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun: ajere ni. Ní apá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n gbẹ́ àwòrán míhírábù (ibi tó ń tọ́ka Mẹ́kà lára ògiri mọ́sálásí) sínú ajere mábù náà, ìmọ́lẹ̀ a máa gba ibẹ̀ wọlé.

Èsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba ojú oórì àti ajere láìjanpata. Bàrà ni n kò lè gbé mì.

Ẹ wo bí àlejò ṣe ń wọlé. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì (600 rúpì fún ará òkè òkun, 40 fún ọmọ Índíà, ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, bí wọn ò bá tíì yí i padà). Kó tó dé ẹnubodè ìwọ̀ oòrùn, ilé kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, onígun mẹ́jọ, pẹ̀lú odi tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé Humayun nìyẹn. Isa Khan ni, ìjòyè lábẹ́ ìjọba Sher Shah, ọba tó lé Humayun kúrò ní Índíà! Ọdún 1547 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bí a bá tún wọ inú ọgbà ọba fúnra rẹ̀, ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti onígbàjámọ̀. Ṣé bàrà la ó pe ilé onígbàjámọ̀? Ilé-sàréè ló gba gbogbo wọn.

Ẹ̀yin náà fo ọ̀rọ̀ òrùlé. "Òrùlé onígbá" dára, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti kọ "òrùlé onígbá méjì", ẹni tó bá kà á yóò sì máa wo òkè, yóò máa wá ìkejì. Ọ̀kan wà lábẹ́ ọ̀kan ni, àfo sì wà láàárín: ti inú rẹlẹ̀ kí àjà lè bá yàrá mu, ti òde ga kí wọ́n lè rí i láti òkèèrè. "Igbá abẹ́ igbá" ni kí ẹ kọ.

Kí ìwé náà sì sọ ọ́ kedere pé àtẹ̀gùn pèpéle ga fíofío, ó sì ṣókùnkùn, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ rọra gùn ún. Àárọ̀ ni kí wọ́n lọ. Ní oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, ooru Delhi a máa kọjá 40, òkúta pèpéle á sì gbóná bí àgbádá. Ẹni tó bá ti ka ìwé lórí Taj Mahal, ilé-sàréè Mughal tó wà ní Agra, kó má ṣe da méjèèjì pọ̀: Taj a máa tì ní ọjọ́ Jímọ̀, ti Humayun a máa ṣí lójoojúmọ́. Ní Taj, ìpẹ̀kun ọgbà ni ilé wà, létí odò, kì í ṣe àárín. Nítorí náà, kí ìtumọ̀ "ọgbà alábala mẹ́rin" má ṣe ní "tí ilé-sàréè wà láàárín rẹ̀".

Èsì

Àbúrò mi, onígbàjámọ̀ ti lù mí mọ́lẹ̀. Ilé-sàréè ni kó jẹ́ orúkọ fún irú ilé bẹ́ẹ̀ lápapọ̀, bàrà fún ti ọba nìkan: "bàrà Humayun", "ilé-sàréè Isa Khan". Igbá abẹ́ igbá náà wọlé. Ọ̀pá ṣóńṣó orí òrùlé, èyí tí ìjì wó ní Oṣù Karùn-ún 2014 tí wọ́n sì dá padà ní 2016, ni kò tíì ní orúkọ. Mo ti rí ẹni tó kọ "adé". Ọba tó wà nísàlẹ̀ ló ni adé, ẹ wá òmíràn.