QTc 474 lórí pépà ECG màmá onítọ̀ ṣúgà: kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Ìsọ̀kùn (Iléṣà):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Màmá ẹni ọdún 61 kan wà lọ́wọ́ wa. Ó ti tó ọdún 14 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá wọn fínra, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń lo glibenclamide 5 mg láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ṣúgà, hydrochlorothiazide 25 mg láàárọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n tún ra ciprofloxacin ní kẹ́míìsì fún táífọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àyà ń já àwọn lóru, òógùn a sì bo àwọn. Bí wọ́n ṣe jókòó jẹ́ẹ́ yìí, ọkàn wọn ń lù ní ìgbà 104 láàárín ìṣẹ́jú kan. ECG (ẹ̀rọ tó ń ya iná ọkàn sórí pépà) kọ QT (àkókò tí ọkàn fi ń gba iná, tó sì fi ń múra sílẹ̀ fún ìlù tó kàn) 360 ms, QTc (QT tí a ti ṣírò mọ́ bí ọkàn ṣe ń yára lù) 474. Ṣé ìtọ̀ ṣúgà ló dà á sílẹ̀?

Dókítà_Ifẹ̀:
Ẹ kú ìtọ́jú, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má tíì jẹ́ kí 474 yẹn dẹ́rù bà yín. Ìṣirò Bazett ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò, bí ọkàn bá sì ti ń sáré, Bazett a máa bù kún QTc kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ fi ìṣirò mìíràn, Fridericia, ṣe é: 60 tí a fi 104 pín jẹ́ 0.577, cube root rẹ̀ jẹ́ 0.83, ẹ fi ìyẹn pín 360, ó di nǹkan bíi 432. Obìnrin kò tíì kọjá ààlà títí dé 460. Kí ẹ sì fojú ara yín ka QT náà. Bí pépà bá ń lọ ní 25 mm láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àpótí kékeré kan jẹ́ 40 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), àpótí 9 ló jẹ́ 360. Ẹ má ka ìgbì U (òkè kékeré tó ń tẹ̀lé T) mọ́ ìgbì T tó parí QT, torí potassium tó lọ sílẹ̀ a máa mú U yọ.

104 yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Iṣan vagus (nerve tó ti ọpọlọ wá) ló ń dá ọkàn dúró kó má sáré jù. Ó gùn gan-an, ṣúgà tó ga fún ọ̀pọ̀ ọdún sì sábà máa ń kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ká tó fẹnu kò sí i, ẹ yẹ ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, àìtó omi ara àti gẹ̀gẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kí màmá dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wọn ìfúnpá wọn. Kí wọ́n dìde, ẹ tún wọ̀n ọ́n kí ìṣẹ́jú 3 tó pé. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ẹ fura sí iṣan náà (hydrochlorothiazide, oògùn tó ń mú wọn tọ̀, lè fa èyí pẹ̀lú o).

Apòògùn_Lágeré:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ oògùn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Òógùn àti àyà jíjá lóru lára ẹni tó ń lo glibenclamide lálẹ́, ṣúgà tó já wálẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ciprofloxacin a sì máa bá glibenclamide fà á wálẹ̀ débi pé èèyàn lè dákú. Bí ṣúgà bá já, ara a tú adrenaline jáde, adrenaline a kó potassium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì, ọkàn á wá pẹ́ kó tó múra sílẹ̀ fún ìlù tó kàn. Àárín ìgbà yẹn ni ìlù burúkú ti ń ráyè wọlé. Hydrochlorothiazide ti ń da potassium àti magnesium sínú ìtọ̀ tẹ́lẹ̀. Ciprofloxacin fúnra rẹ̀ a máa fa QT gùn.

Ẹ wọn ṣúgà ní aago mẹ́ta òru. Bí kò bá tó 70 mg/dL, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta tó kún nínú omi, tàbí mínírà 150 ml. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tó bá ti gòkè, kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó padà sùn, torí glibenclamide lè wà lára fún wákàtí 24. Lónìí gan-an ni kí dókítà wọn pinnu lórí ciprofloxacin àti hóró alẹ́ yẹn, kí ẹ̀jẹ̀ sì lọ fún àyẹ̀wò potassium, magnesium àti creatinine (tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn).

Nọ́ọ̀sì_Ìsọ̀kùn:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí ìlù náà bá wá ń ṣe ségesège ńkọ́?

Dókítà_Ifẹ̀:
Ẹ fi ìka kà á lọ́rùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá ní ètò kankan, tí ECG kò sì fi ìgbì P (òkè kékeré tó ń ṣáájú ìlù kọ̀ọ̀kan) hàn, atrial fibrillation (yàrá òkè ọkàn ń gbọ̀n dípò kó lù dáadáa) ni kẹ́ ẹ rò. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn, kó gba ọpọlọ lọ, kó di rọpárọsẹ̀. Nínú CHA2DS2-VASc (máàkì tí a fi ń díwọ̀n ewu rọpárọsẹ̀), ìtọ̀ ṣúgà gba 1, ẹ̀jẹ̀ ríru gba 1, nítorí náà oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló kàn. Aspirin kò lè rọ́pò rẹ̀.

Bí wọ́n bá dákú, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild kíá. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ti bàjẹ́ lè ní ìkọlù ọkàn kí àyà má dùn ún rárá. Èébì, òógùn tútù tàbí èémí tó dédé ń há, ẹ tètè ṣe ECG.