Ọ̀rọ̀ "ẹ̀rọ apẹ̀fọn": ibi tó já sí rèé

Ẹ̀yin ará mi onímáṣíìnì, ẹ kú ìdúró tì mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ ọ́ pé ẹnìkan pe máṣíìnì Suzuki AX100 mi ní ẹ̀rọ apẹ̀fọn nítorí èéfín rẹ̀, tó tún ní ẹni tó fún mi kò fẹ́ràn mi. Bàbá mi olóògbé ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Èmi àti ẹni náà pàdé ní Ọlá-Ìyà, l'Óṣogbo, ní Sátidé. Kò mọ̀ rárá pé bàbá mi ló fún mi! Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti dọ̀bálẹ̀. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, torí mo ti pe máṣíìnì Boxer tiẹ̀ ní ewúrẹ́ tó ń wúkọ́.

Ní ti èéfín, òótọ́ ló sọ. Two-stroke ni ẹ́ńjìnnì AX100: ó máa ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù ni, kò dà bíi ti Boxer tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. (Òórùn yẹn gan-an ni mo fi ń rántí bàbá mi.) Àmọ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì tèmi ń tú u jáde jù. Ẹni náà ló bá mi dín in kù, èéfín sì rọlẹ̀.

Ẹ máa pè é ní apẹ̀fọn lọ, mo gbà. Ẹ ṣáà yọ bàbá mi kúrò níbẹ̀. Mo pa á dé o.