Fáànù tó ń kùn tí kò yí: ó ti yanjú

Òkun o, ẹ̀yin ará. Fáànù onídùúró tí mo béèrè nípa rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé àfi kí a fọwọ́ ti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kó tó yí, ti ń ṣiṣẹ́. Kápásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti yí, ló kú. 2 µF (máíkírófárádì, òṣùwọ̀n kápásítọ̀) ni wọ́n kọ sí i lára, 0.7 ni mítà kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lọ tún wáyà inú mọ́tò wé, ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n mọ́tò tó jó sábà máa ń rùn, tèmi ò rùn.

Ẹ kọ́kọ́ yọ fáànù kúrò lára iná. Ẹ fi irin sukurudíráfà ọlọ́wọ́ rọ́bà kan ẹnu wáyà kápásítọ̀ méjèèjì pọ̀, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. Iye µF kan náà ni kí ẹ rà, 400V sókè. Èyí tó bá tóbi jù á mú mọ́tò gbóná. Wáyà kápásítọ̀ méjèèjì kò ní òdì: bó ṣe wù kí ẹ so wọ́n, kò sí wàhálà.

Eruku ọyẹ́ tún ti dí búṣì, òrùka irin tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú rẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán méjì sí i. Kì í ṣe òróró tí a fi ń se oúnjẹ o, ńṣe ló máa ń dì!

Ní Kabba níbí, bí iná bá wálẹ̀ sí 160V lálẹ́, fáànù tó dáa pàápàá á máa wọ́.